Ọmọ tó dá wà, àánú, àti ọ̀wọ̀: àwọn ìbéèrè táwọn òbí máa ń bi mí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, láti ọmọ ọdún 3 títí dé ọmọ ọdún 8, ìbéèrè táwọn òbí sì máa ń bi mí jù kì í ṣe ti ìwé kíkà. Wọ́n á dúró dìgbà táwọn tó kù bá lọ tán, wọ́n á wá rọra sún mọ́ mi, wọ́n á ní tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi yìí, ṣé ó tiẹ̀ ní ọ̀rẹ́? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ẹ wá èyí tó kàn yín, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé ọmọ kékeré tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn dá wà?

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́dún 1992, Jude Cassidy àti Steven Asher, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde, àwọn ọmọ bí ọdún 5 sí 7 ni wọ́n bi léèrè, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì mọ̀ pé nǹkan náà jẹ mọ́ kí inú èèyàn bà jẹ́ torí pé kò rẹ́ni bá ṣeré. Ohun tí ọmọ kékeré ò ní ni ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Ó máa ní inú ń run òun, tàbí kó ní òun ò lọ súkúù lónìí, tàbí kó kàn dédé ti ọmọ ẹlòmíì ṣubú.

Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì nígbà kan, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde ṣeré ló máa ń wá bá mi pé okùn bàtà òun ti tú. Màá lóṣòó, màá so ó, kò ní pẹ́ kò ní jìnnà ló tún ti dé. Ó ti ń sú mi, ká sòótọ́, àfìgbà tí mo rí i lọ́jọ́ kan tó lọ sẹ́yìn ògiri tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ tú okùn náà. Bàtà kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó máa lóṣòó síwájú ẹ̀ kó wò ó lójú fún ìṣẹ́jú kan péré ló ń wá. Láti ọjọ́ yẹn, tí ọmọ kan bá ti ń yọ mí lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló ti wo ọmọ yìí lójú lónìí?

Ọmọ mi fẹ́ràn kó máa dá ṣeré. Ṣé ó dá wà nìyẹn?

Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀ o. Kéèyàn máa dá ṣeré yàtọ̀ sí kéèyàn máà lẹ́ni tó máa bá a ṣe é. Mildred Parten tó jókòó wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣeré ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ lọ́dún 1932 pé àwọn tó kéré jù máa ń dá ṣeré, tàbí kí méjì jókòó síbì kan náà kí kálukú máa ṣe tiẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n á wá máa ṣe é pọ̀. Torí náà bí ọmọ ọdún 2 bá kẹ́yìn sí gbogbo èèyàn tó ń to búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kó tò ó.

Ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ wò. Tí ojú ẹ̀ bá wà lára nǹkan tó ń ṣe, tó ń dá sọ̀rọ̀ tó ń dá rẹ́rìn-ín, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ tó bá mú tọ́ọ̀yì dání tó jẹ́ pé àwọn tó ń sáré lọ́hùn-ún lojú ẹ̀ wà, ìyẹn fẹ́ bá wọn ṣe é, kò kàn mọ ibi tóun máa gbà wọlé ni.

Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé kéèyàn dá wà fún ọmọ ọdún 4?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ ara yín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí mo kéré báyìí, lọ́jọ́ kan gbogbo èèyàn ń ṣeré, kò sẹ́ni tó pè mí, ó wá ń ṣe mí bákan níbí." Kẹ́ ẹ fọwọ́ kan àyà yín. Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ọmọ yẹn máa sọ tiẹ̀, bí ò bá sọ ọ́ lónìí, ó lè sọ ọ́ lọ́la tó bá ń wẹ̀, tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti paná tán tó fẹ́ sùn, ìgbà tí wọn ò wò wá lójú ni wọ́n sábà máa ń tú ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sílẹ̀. Ọmọ kan sọ fún mi rí pé, "Ó dà bíi pé wọ́n paná, àmọ́ ọ̀sán ni." Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kankan sọ ọ́ jùyẹn lọ.

Tó bá wá sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára bò ó mọ́lẹ̀. A máa ń fẹ́ sọ pé "O ò dá wà jàre, ṣebí èmi rèé", a fẹ́ tù ú nínú ni o, àmọ́ ohun tí ọmọ máa gbọ́ níbẹ̀ ni pé irọ́ lòun ń pa. Ẹ kọ́kọ́ gbà fún un. "Ó dùn ẹ́, àbí? Ó ti ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí." Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ ẹni, ọmọ tó ń sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó bá òun ṣeré, òtútù ló ń mú un, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹni tí òtútù ń mú jiyàn pé ooru mú.

Ọmọ mi ọdún 3 kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan tọ́ọ̀yì ẹ̀. Ṣé ahun ló máa dà báyìí?

Rárá o. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2013, wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 8 ní sítíkà pé kí wọ́n pín in, gbogbo wọn pátá ló mọ̀ pé ó yẹ kó dọ́gba, síbẹ̀ àwọn kékeré mú èyí tó pọ̀ fún ara wọn, àwọn tó ti tó ọdún 7 tàbí 8 ló pín in dọ́gba lóòótọ́. Mímọ̀ ti wà níbẹ̀, agbára láti ṣe é ni ò tíì dé. Ẹ jẹ́ kó ní ohun kan tàbí méjì tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan tí kò ní pín fẹ́nikẹ́ni, kó gbé e pa mọ́ kí àlejò tó dé, ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti yọ̀ǹda èyí tó kù.

Tó bá ṣoore, ṣé kí n fún un ní nǹkan?

Èmi ò ní fún un. Felix Warneken àti Michael Tomasello ṣe ìwádìí kan ní Jámánì tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2006, àgbàlagbà kan á ṣe bíi pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ òun tọ́wọ́ òun ò sì tó o mọ́, àwọn ọmọ oṣù 18 á dìde lọ mú un wá fún un, láìsẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n, láìsẹ́ni tó ṣèlérí nǹkan kan fún wọn. Ọmọ tí ò tíì lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ o! Nígbà tó wá di ọdún 2008, wọ́n gbé òmíì jáde, wọ́n ń fún àwọn ọmọ oṣù 20 kan ní ẹ̀bùn tí wọ́n bá ti ranni lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n wá dá ẹ̀bùn náà dúró, àwọn yẹn ò ranni lọ́wọ́ tó àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan kan rí.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ní kó wo ojú ẹni tó ṣe é fún. "Wo ojú ẹ̀, ṣó o rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ìwọ lo fà á."

Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ fún un pé "máa ṣàánú, máa ṣe dáadáa sáwọn èèyàn", kò wọlé. Kí ni mi ò ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹnu là ń kọ́ wọn, a ò kọ́ ojú wọn. Ọmọ á mọ "ẹ jọ̀ọ́", á mọ "ẹ ṣé", á mọ "sọ́rì", á sọ gbogbo ẹ̀ geere, síbẹ̀ á kọjá lára ọmọ tó ń sunkún nílẹ̀ bí ìgbà tó kọjá lára àga, kì í ṣe pé ìkà ni, kò rí i ni. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe sọ ọ́ ná. Ẹni tó ṣàánú wa, ó fojú àánú wò wá. Ẹni tí ò bọ̀wọ̀ fún wa, ó rí wa fín, ó fojú di wá, ó fojú tẹ́ńbẹ́lù wa. Ojú ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe ń kọ́ ojú? Tẹ́ ẹ bá lọ mú un ní súkúù, dípò kẹ́ ẹ ní "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?", ẹ bi í pé "Ta lo rí lónìí tó dá jókòó?" Ìbéèrè yẹn nìkan. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má wàásù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó máa ní òun ò rẹ́nì kankan. Kò burú. Ẹ bi í lọ́la. Bó bá ṣe díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, torí ó mọ̀ pé ẹ máa béèrè, á wá sọ pé lágbájá ni, kò bá wa sáré. Ìgbà yẹn lẹ máa wá ní "Hẹn-ẹ́n. Báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí?" Títí dìgbà náà ẹ ò tíì ní kó ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni o, wíwò lásán ló ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá fún un ní nǹkan kékeré tó lè ṣe, kó kéré débi tí ò ní bà á lẹ́rù: kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn láì sọ̀rọ̀, kó fún un ní pẹ́ńsù tó fi ń kun nǹkan, kó bi í pé "Kí lò ń yà yẹn?" Ẹ má sọ fún un pé kó lọ di ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìyẹn pọ̀ jù, àwa àgbà gan-an ò lè ṣe é.

Ọmọ mi ló ń lé àwọn ọmọ yòókù, á ní "A ò fẹ́ ẹ nínú eré wa". Ojú ń tì mí gan-an.

Ẹ má jẹ́ kójú tì yín débi tẹ́ ẹ máa pè é ní ìkà níwájú èèyàn, orúkọ tá a bá fún ọmọ kì í pẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?" Ẹ jẹ́ ká fi "kí ló dé tó o ṣe bẹ́ẹ̀" sílẹ̀ ná, torí ìyẹn dà bí ẹjọ́, irọ́ ló máa fi dáhùn. Ẹ máa rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà eré ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ti tò ó tán, kálukú ti mọ ipò ẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tó ń bọ̀ yìí máa dà á rú. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan ń ṣe dókítà lọ́jọ́ kan, ìkẹrin wọn dé, wọ́n ní àwọn ti pé. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn bi wọ́n pé, "Ta ló ń gbé fóònù ní ọsibítù yín? Mo ti ń pè láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e." Wọ́n wo ara wọn lójú. Kí n tó yíjú padà, ọmọ kẹrin ti ń gbé fóònù.

Òfin tí mo máa ń fún wọn ò gùn: o lè yan ẹni tó o fẹ́ràn jù, kò sẹ́ni tó lè fipá mú ẹ níyẹn, àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ fẹnu ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bá ṣeré.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ kan náà ni wọ́n ń dójú lé lójoojúmọ́, tí ọmọ yẹn ò sì lágbára láti gba ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré nìyẹn. Ohun tí Dan Olweus, olùwádìí tó lo ayé ẹ̀ lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń fòòró ọmọ ẹlòmíì ní Norway, máa ń wò náà nìyẹn: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n ń ṣe é lemọ́lemọ́, agbára wọn ò sì dọ́gba. Ẹ lọ bá tíṣà lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ọmọ yín ló ń ṣe é.

Ṣé kí n fipá mú un sọ "sọ́rì"?

Sọ́rì tí wọ́n fipá mú jáde, ọ̀nà àtisá lọ ni ọmọ máa ń fi í ṣe. Mo máa ń mú un padà lọ síbẹ̀ ni: wo ojú ẹ̀, kí lo rò pé ó lè jẹ́ kára tù ú? Nígbà míì á lọ bu omi wá, nígbà míì á gbé tọ́ọ̀yì padà. Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ á wá jáde tó bá yá. Ẹ sì jẹ́ kẹ́ni tí wọ́n ṣẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "inú ṣì ń bí mi".

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ṣebí ọmọdé ló yẹ kó bọ̀wọ̀ fún àgbà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ àgbà nìkan lọmọ ń bọ̀wọ̀ fún, ìbẹ̀rù ló mọ̀, torí tí àgbà bá kọjá tán, ẹ wo bó ṣe máa ṣe sí ọmọ tó kéré sí i. Ọ̀wọ̀ wà fún àbúrò, ó wà fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ó wà fún ọmọ tí kò mọ̀wé tó òun. Ó wà fún ọmọ náà fúnra ẹ̀ pẹ̀lú: àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé gbà wọlé ní November 20, 1989 sọ ọ́ ní abala 12 pé ọmọ tó ti lè ní èrò tara ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó bá kàn án, ká sì kà á sí. Kì í ṣe pé ká máa ṣe gbogbo ohun tó bá sọ o, ká gbọ́ ọ tán ni.

Àti pé wíwò ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Lọ́dún 1961, Albert Bandura àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ káwọn ọmọ kéékèèké rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí ìṣeré ńlá kan, nígbà tó yá táwọn ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ bèbí ọ̀hún, ọ̀pọ̀ nínú wọn lù ú bí wọ́n ṣe rí i gẹ́lẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ tí àgbà yẹn ń sọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan lẹ́yìn tó bá kúrò nílé yín tán, ọmọ yín wà níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Ọmọ mi rí ẹnì kan lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ló bá pariwo pé "Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?" Ṣe ni mo kàn fà á lọ.

Ó yé mi, àmọ́ fífà tẹ́ ẹ fà á lọ yẹn ti kọ́ ọ pé nǹkan ìtìjú ni ẹni yẹn. Ìwàǹwára ló ṣe, kì í ṣe àrífín. Ẹ dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e rìn, àga yẹn ló ń gbé e lọ síbi tó bá fẹ́." Kẹ́ ẹ wá kí ẹni náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìkíni yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí ara wọn yàtọ̀ ló jẹ́ pé àwọn èèyàn á tẹjú mọ́ wọn títí láì kí wọn.

Ọmọ tèmi gan-an ni kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Ó máa ń jẹ́ kí n sunkún lóru.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ní June 2025 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ẹnì 1 nínú èèyàn 6 káàkiri ayé ló ń mọ̀ ọ́n lára pé òun dá wà, àtọmọdé àtàgbà.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó. Ẹ má ṣe wá bó ṣe máa gbajúmọ̀. Ẹ bi tíṣà pé ta ló máa ń wo ọ̀nà ọmọ yín, torí ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀, ẹ wá ní kó wá sílé yín, òun nìkan, fún bíi wákàtí kan, kí nǹkan tí wọ́n jọ máa ṣe sì wà nílẹ̀ kó tó dé, bí àwòrán yíyà tàbí amọ̀ tí wọ́n á fi mọ nǹkan. Kí wọ́n túká nígbà tó ṣì ń dùn, kó lè máa wù wọ́n láti tún pàdé. Ẹ wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọnú eré. Ọmọ tó bá kàn lọ dúró tó ní "Ṣé mo lè bá yín ṣe é?", rárá ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un. Kó kọ́kọ́ wò wọ́n, kó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀ nítòsí, kó wá mú nǹkan tó wúlò fún wọn wá. Ẹ jọ ṣe é nílé bí eré, ẹ̀yin ẹ ṣe àwọn tó ń ṣeré, òun kó ṣe ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn súkúù kan ní bẹ́ǹṣì kan níta, ọmọ tí ò rẹ́ni bá ṣeré á lọ jókòó níbẹ̀, àwọn tó bá rí i á wá mú un. Mo fẹ́ràn ẹ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ àwọn tó kù láti máa wo bẹ́ǹṣì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí wọ́n ti ń fojú ọmọ gbolẹ̀ ló máa dà.

Ṣé fóònù wà lára ohun tó ń jẹ́ kọ́mọ dá wà?

Ti ọmọ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, tiwa ni. Edward Tronick àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi èsì ìwádìí kan hàn lọ́dún 1978: ìyá ń bá ọmọ ọwọ́ ẹ̀ ṣeré, wọ́n ní kó kàn dákẹ́ kó mú ojú ẹ̀ le bí ògiri fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ yẹn á rẹ́rìn-ín sí i, á nawọ́, á pariwo, tó bá rí i pé kò wúlò á yíjú kúrò. Ojú wa náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ tá a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù. Tọ́mọ bá dé láti súkúù, ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú yàrá míì fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́.

Ìgbà wo ni kí n wá ìrànlọ́wọ́?

Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sùn dáadáa, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ lọ súkúù rárá, tí eré tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù ú mọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà. Tẹ́ ẹ bá sì rí àpá lára ẹ̀ tí kò lè ṣàlàyé, tàbí tó sọ pé òun ì bá má sí láyé, ẹ má dúró dọ̀la.

Ọmọ mi ti pé ọdún 9. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Ọmọ ọdún 9 máa kọ́kọ́ rò pé ẹ fẹ́ fọgbọ́n wádìí nǹkan kan lẹ́nu òun ni, torí náà ẹ sọ tiyín ṣáájú: "Mo rí ọkùnrin kan lónìí níbi iṣẹ́, òun nìkan ló ń jẹun, mi ò bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mí." Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi í pé òun ńkọ́, ta ló rí? Tó bá gbé èjìká sókè tó ní òun ò rẹ́nì kankan, ẹ ní ó dáa, kẹ́ ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ tún bi í lọ́la.